Ta ló ka òkú ọdún Kòrónà?

Àṣàkẹ́ Ọmọ Ẹ̀jìgbò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ní oṣù kìíní tó ń bọ̀, ọdún márùn-ún á pé tí bàbá mi papò dà. A fẹ́ ṣe ìrántí, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé pélébé tí a máa pín. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kòrónà ló pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fárígá. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, kí n kọ "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" bí a ti kọ ọ́ nígbà ìsìnkú. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní gbogbo òkú Kòrónà tí ìjọba kà ní Nàìjíríà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, 3,155 ni, nínú orílẹ̀-èdè tó ju igba mílíọ̀nù èèyàn lọ. Ṣé bàbá tiwa ló wá lọ bọ́ sáàárín wọn?

Lóòótọ́, bàbá mi kò sí nínú 3,155 yẹn. Wọ́n ti igi òwú bọ̀ wọ́n nímú ní Òṣogbo, wọ́n ní ká máa retí èsì. A ṣì ń retí rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà nílé pẹ̀lú wọn. Lọ́jọ́ àìsùn ọdún tuntun, tó jẹ́ ọjọ́ kẹta tí ara wọn kò yá, màmá mi se gbẹ̀gìrì. Bàbá ní kò níyọ̀. Màmá fi iyọ̀ kún un. Wọ́n ní kò tíì níyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá bu iyọ̀ sí i. Nígbà tí mo fi ìka tọ́ ọ wò, díẹ̀ ló kù kí iyọ̀ bó mi láhọ́n. Bàbá ń jẹ ẹ́ lọ ní tiwọn, wọ́n ní bí ẹni ń jẹ amọ̀ ni. Ibà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Dírẹ́bà Ọ̀ṣòdì
Àǹtí, kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ló jàre. Àrùn olówó ni Kòrónà. Àwọn tó ń wọ bàálù ló lọ kó o wálé, àwọn náà ló sì mú lọ. Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì Ààrẹ, oṣù kẹrin 2020 ló kú. Ajímọ̀bi tó ṣe gómìnà Ọ̀yọ́, oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà. Ẹ wá dárúkọ kọ́ńdọ̀ kan fún mi. Ẹ dárúkọ alábàárù kan ní Mile 12. Ẹnì kan péré!

Èmi mọ ohun tó fẹ́ pa mí lọ́dún yẹn. Aago mọ́kànlá alẹ́, ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ni òfin kónílé-ó-gbélé mú Èkó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Buhari pè é. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la lò. Ẹni tó ń wa dáńfó kì í gba owó oṣù, ojúmọ́ tó bá mọ́ ló ń jẹ. Nígbà tí oúnjẹ ìjọba dé àdúgbò wa, ìrẹsì kóńgò méjì, ẹ̀wà díẹ̀ àti búrẹ́dì kan ni, wọ́n ní kí ojúlé mẹ́jọ pín in. A wo búrẹ́dì yẹn títí. Ìyàwó mi ló ní kí wọ́n kúkú gé e fún àwọn ọmọdé. Tó bá dalẹ́, a tún ń jáde lọ jó táyà lójú títì, àdá lọ́wọ́, nítorí àwọn Wọ̀n Mílíọ̀nù Bọ́ìsì tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá jà wá lólè. Ebi ń pa èèyàn, ó tún ń ṣọ́de! Ìgbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n já ilé ìkẹ́rù Mazamaza. Oúnjẹ tí wọ́n ní kò tó pín, ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ṣé ẹni tó gbé oúnjẹ pamọ́ fún mi ló tún fẹ́ ka òkú fún mi kí n gbà á gbọ́?

Ìyá Ìbejì Aláṣọ
Dírẹ́bà, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, ó tún pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi rán ìbòmú ańkárá títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí lọ́dún yẹn, òun ni mo fi bọ́ àwọn ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ohun tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Ìbòmú kan ṣoṣo ni èèyàn mẹ́fà fi wọlé. Ẹni tó bá jáde á bọ́ ọ, á nà á sí ẹni tó fẹ́ wọlé, onítọ̀hún á gbọ̀n ọ́n pẹ́pẹ́, á fi bo imú. Sẹkúrítì ń wò wọ́n. Tí ẹ bá ti wọ̀ ọ́ báyìí, ẹ ti pé nìyẹn. Bí àrùn yẹn bá lágbára tó bí wọ́n ṣe wí, ṣé ìlà báńkì yẹn nìkan kò tó láti kó àdúgbò lọ?

Nọ́ọ̀sì Mojí
Àǹtí Àṣàkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ti tó èsì àyẹ̀wò fún mi.

Mo wà ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ń ya aláìsàn sọ́tọ̀ sí l'Ékòó ní 2020. A máa ń wọ aṣọ ọ̀rá yẹn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Tí o bá ti wọ̀ ọ́, kò sí omi mímu, kò sí ilé ìtọ̀, títí wákàtí iṣẹ́ rẹ á fi pé. Máákà la fi ń kọ orúkọ síra wa láyà, torí ojú nìkan ló hàn, a kò dá ara wa mọ̀. Aláìsàn á máa ka àyà mi kó tó mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá dírẹ́bà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò, tí èsì sì dé, ni wọ́n ń kà. Ẹni tó kú sílé, kò sí nínú ìwé. Ní oṣù kẹta 2020, ilé àyẹ̀wò tó lè rí Kòrónà ní gbogbo Nàìjíríà kò kún ìka ọwọ́ méjì. Nígbà tó wá di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ọdún yẹn, NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, àti àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yábàá lọ gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó lé ní 10,000 ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ń wá àmì pé àrùn náà ti gba ara ẹni kọjá. Ní Èkó, nínú 100 èèyàn, bí 23 ló ní in. Tí ẹ bá tiẹ̀ ní Èkó kò ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, mílíọ̀nù méjì àti lé nìyẹn. Iye tí ìjọba ti kà sílẹ̀ nígbà náà ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 60,000 lọ. Kòrónà wọ ọkọ̀ yín, bọ̀dá. Ó wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Kò kàn sanwó ni.

Orúkọ olówó lẹ gbọ́ nítorí olówó ló ní dókítà tó máa kọ orúkọ àrùn sílẹ̀, òun náà ni ìwé ìròyìn ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Dírẹ́bà Ọ̀ṣòdì
Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wá jẹ́ kí n fi ọ̀pá yín na yín. Ẹ ní mílíọ̀nù méjì kó o ní Èkó. Ó dáa. Ibo ni òkú wọn wà? Ìtálì ni a rí lórí tẹlifíṣọ̀n tí ọkọ̀ ológun ń kó pósí. Ní Ọ̀ṣòdì, n kò rí kankan. Tí mílíọ̀nù méjì bá kó àrùn tí ilẹ̀ kò kún, ṣebí ọ̀rọ̀ mi náà lẹ sọ yẹn: àìsàn tí kò tó ibà ni wọ́n torí ẹ̀ ti ọmọ tálákà mọ́lé.

Nọ́ọ̀sì Mojí
Ẹ ti mú mi níbẹ̀ díẹ̀, n kò ní purọ́. Ìdajì ọmọ Nàìjíríà ni kò tíì pé ogún ọdún. Arúgbó àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ni àrùn yìí ń bá jà jù, ọmọ ọdún méjìdínlógún á wúkọ́ ọjọ́ méjì, á padà sí bọ́ọ̀lù. Torí ẹ̀ ni ilẹ̀ wa kò fi rí bíi ti Ìtálì tí arúgbó pọ̀ sí. Mo sì gbà pẹ̀lú yín pé ẹ kò lè ní kí èèyàn jókòó sílé láìgbé oúnjẹ fún un. Àwa tí a wà nínú wọ́ọ̀dù náà ń sọ ọ́ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n pé ẹ kò rí òkú kò ní kó má sí. Mùsùlùmí sin bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Àwọn mìíràn gbé tiwọn lọ sábúlé lóru. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Ta ló máa bi wọ́n?

Ọmọ Alágbo Bẹẹrẹ
Gbogbo yín ń yí i ká, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Àgbo ló gbà wá! Ìyá ìyá mi ló gbé ìkòkò kaná: dóńgóyárò, ewé ọsàn wẹ́wẹ́, èèpo ọ̀pẹ òyìnbó, ata ilẹ̀, àáyù. Wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí lórí ìkòkò náà, òógùn bò mí bí ẹni pé wọ́n da omi lù mí. Ọjọ́ kẹrin mo ti wà lọ́jà. Gómìnà Ṣèyí Mákindé tí wọ́n ní ó ní in ní ìparí oṣù kẹta 2020, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé habatu-sáúdá tí wọ́n pò mọ́ oyin ni òun lò. Ọọ̀ni náà jáde, wọ́n ní ewé àti egbò ilẹ̀ wa lè kojú ẹ̀. Òyìnbó kò lè gbà pé ewé wa ń ṣiṣẹ́, òun ló ń jà wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Mojí
Àbúrò mi, ìyá ìyá tèmi náà ń se àgbo, mo sì ń mu ún. N kò bá ewé jà. Àmọ́ ẹ gbọ́: nínú èèyàn mẹ́wàá tó kó Kòrónà, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló máa yá fúnra wọn. Ẹni tó mu àgbo yá. Ẹni tó mu ògì gbígbóná yá. Ẹni tó sùn tí kò mu nǹkan kan náà yá. Ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú nígbà tára rẹ̀ yá ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún rántí pé lóṣù kẹta ọdún yẹn, nígbà tí Trump pariwo kolorokúìnì, àwọn èèyàn l'Ékòó gbé e mì bí ẹ̀pà, ọ̀nà ilé ìwòsàn ni wọ́n gbà. Àgbo kò ṣe èèyàn níjàǹbá tó bẹ́ẹ̀, mo gbà. Ìkòkò omi gbígbóná tó dànù lu àwọn ọmọdé ńkọ́, nítorí wọ́n ní kí wọ́n fa oru? Mo rí ìyẹn náà.

Káyọ̀dé Peckham
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i láti ìhín. Àgbo wà nílùú ọba o. Inú àpótí ìyàwó mi ló wà, ní ìgò omi, láti Bódìjà. Ata ilẹ̀ wọ́n ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Peckham lóṣù kẹrin 2020. Ẹ̀jẹ̀ yín ni ẹ̀jẹ̀ wa, ẹnì kan náà ló bí wa. Kí ló wá dé tí ó pa wá tó bẹ́ẹ̀ níbí? Oṣù karùn-ún ọdún yẹn, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ka olùgbé níbí gbé e jáde pé ikú Kòrónà ń pa èèyàn dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ ní ìlọ́po mẹ́rin ó lé. Wọ́n ní tí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ ibi tí kálukú ń gbé àti bí ó ṣe rí jẹ kúrò nínú ẹ̀, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.

Àwa mọ ìdí ẹ̀. Àwa là ń wa bọ́ọ̀sì, àwa là ń fọ ìdí arúgbó, àwa là ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù. Tó bá di Thursday, aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n á máa lu ìkòkò. Mo ń kọjá lábẹ́ ìpàtẹ́wọ́ yẹn lọ síbi iṣẹ́, ìbòmú bébà kan tí wọ́n fún mi láti àárọ̀ ló wà lójú mi. Mo sìnkú àǹtí mi lórí Zoom. Èèyàn mẹ́wàá péré ló lè débẹ̀. Pásítọ̀ ń gbàdúrà, ẹnì kan gbàgbé láti pa ohùn fóònù ẹ̀, a ń gbọ́ tó ń dín ẹyin.

Ọmọ Alágbo Bẹẹrẹ
Bọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ má bínú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣùgbọ́n inú ilé títì lẹ wà, fèrèsé pípa, hítà. Àwa wà ní gbangba. Oòrùn ń pa nǹkan yẹn.

Káyọ̀dé Peckham
Ti gbangba yẹn, mo fara mọ́ ọn. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá kò jẹ́ kí kòkòrò yẹn dúró síbì kan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti àgbo ni n kò gbà.

Mo Ń Wòye
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ abẹ́rẹ́, mo ń dúró. Èmi ò gbà á, mo wà láàyè. Ẹ ní ká gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ Kano ní 1996 lásìkò àrùn yírùnyírùn? Pfizer yẹn kan náà! Ní oṣù kejìlá 2021, ìjọba kó abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ dà sí ààtàn ní Àbújá, ó ti kọjá ọjọ́ ẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n ń kó fún wa.

Nọ́ọ̀sì Mojí
Ọ̀rọ̀ Kano, òótọ́ ni, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ kò ṣe rere. Àwọn tó bàjẹ́ yẹn kò bàjẹ́ nínú ara ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó kó wọn dé ni ọjọ́ tó kù fún wọn ti di ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tó lówó ló kó wọn pamọ́ títí, ìgbà tó fẹ́ bàjẹ́ ni wọ́n ta wá lọ́rẹ. Ẹ bínú sí ìyẹn, èmi náà ń bínú sí i. Àwọn tó sì ní ẹni tó bá gbà á kò ní lò ju ọdún méjì lọ, mo gbà á lóṣù kẹta 2021, ẹ kà á.

Káyọ̀dé Peckham
Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ kún un. Ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n gún ìyá àgbà àkọ́kọ́ níbí. Ọjọ́ kejì oṣù kẹta 2021 ni àwọn àkọ́kọ́ tó dé Nàìjíríà, bí 3.9 mílíọ̀nù, balẹ̀ sí Àbújá. Bàbá Àṣàkẹ́ kú sáàárín ọjọ́ méjèèjì.

Àṣàkẹ́ Ọmọ Ẹ̀jìgbò
Ọjọ́ 9 oṣù kìíní ni. N kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí, bọ̀dá. Oṣù kan ó lé ọjọ́ kan.

Ẹ wò ó, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a gbé wọn lọ, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ìkejì ní bẹ́ẹ̀dì wà, kò sí ọ́síjìn, ká lọ wá tiwa. Mo gun ọ̀kadà kiri Òṣogbo lóru, mò ń wá sílíńdà bí ẹni ń wá gáàsì ìdáná. Nígbà tí mo rí ọ̀kan, ọlọ́kadà ní òun kò gbé e, ó lè bú gbàmù. Orí ni mo fi rù ú dé ibi tí mo ti rí kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ẹ̀yin tó ń bèèrè pé ta ló pa á mọ́, àwa ni. Ẹ mọ̀ pé ará Ẹ̀jìgbò pọ̀ ní Àbíjàn. Nígbà tí èèyàn 127 ti ibẹ̀ wálé lóṣù kẹta 2020, tí àyẹ̀wò sì mú 17 nínú wọn, gbogbo Ọ̀ṣun ń nàka sí wa. Tí mo bá wọkọ̀ l'Ódè Òmù, tí mo bá ní Ẹ̀jìgbò ni mò ń lọ, ẹni tó jókòó tì mí á yí ojú sí fèrèsé. Mo rò pé ìtìjú yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń sá fún.

Bàbá Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ọmọ mi Àṣàkẹ́, o kú ìyà. Ohun tí ẹ ń jà lé lórí yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí yín. Nígbà tí àwa wà ní kékeré, ta ló jẹ́ dárúkọ Ṣọ̀npọ̀nná lọ́sàn-án? Ilẹ̀ẹ́gbóná là ń pè é, Olóde là ń pè é. Ẹni tó bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í ní Alápadúpẹ́. Àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń gbé òkú lọ, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù olóògbé. Dókítà kan wà ní Èkó láyé òyìnbó, Ògúntólá Sápárà, ọmọ Yorùbá ni, ó yọ́ wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò yẹn, ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ń há èépá ara aláìsàn pamọ́, wọ́n ń fi ran ẹlòmíràn. Òun ló tú àṣírí, tí ìjọba fi fòfin dè é. Ẹ wá rò ó wò: bí a bá ń sunkún òkú yẹn ní gbangba, tí à ń sọ ohun tó pa á, ṣé àwọn àwòrò yẹn ì bá rí ẹrù kó tó bẹ́ẹ̀?

Ti 1918 ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi ló gbé àrùn ọ̀fìnkìn yẹn dé Èkó lóṣù kẹsàn-án, ojú irin ló gbé e wọ inú ilẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí fojú bu òkú rẹ̀ ní Nàìjíríà sí ìdajì mílíọ̀nù. Wọ́n fojú bù ú ni o, kò sẹ́ni tó kà á. Bàbá bàbá mi kú nínú ẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ayé ló ṣe é. A bá ìyàwó àgbà ilé jà fún ogójì ọdún lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyá Ìbejì Aláṣọ
Ah! Bàbá, ogójì ọdún? Obìnrin yẹn ńkọ́?

Bàbá Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ó ti kú kí èmi tó gbọ́n tó láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Adégòkè
Àṣàkẹ́, ẹnì kan ló fi eléyìí ránṣẹ́ sí mi. O kò dárúkọ mi, o ṣé. Mo ti kà á tán, mo ka ti Bàbá Tíṣà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ 3,155 yẹn, mo mọ̀ pé kò pé. Mo kàn mú un jà ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará Ẹ̀jìgbò náà. Ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ni mo ti Èkó dé. A ti ṣe páátì òpin ọdún níbi iṣẹ́ wa lọ́sẹ̀ yẹn, a pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n tan ẹ́síì. Mo ń wúkọ́ díẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Bàbá ní kí n lo oyin, mo ní ọyẹ́ ni. Wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn, a jọ jẹ ẹran nínú àwo kan. O máa rántí pé èmi ni mo ń bá wọn já eegun, nítorí eyín wọn.

Ìwé yẹn, tí o bá kọ Kòrónà sínú ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kà á á bèèrè pé ta ló gbé e wọlé. Èmi ni mo máa jókòó síwájú.

Nọ́ọ̀sì Mojí
Ẹ̀gbọ́n Adégòkè, ẹ gbọ́ mi. Màmá yín ń lọ ọjà ọdún. Bàbá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù kejìlá yẹn, àrùn náà ti gbérí padà ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ fún yín pé inú àwo yẹn ló ti wá. N kò sọ pé kì í ṣe ibẹ̀. N kò mọ̀. Ẹ̀yin náà kò mọ̀.

Dírẹ́bà Ọ̀ṣòdì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí n jókòó kí ẹ̀yin nìkan máa jẹ́jọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 yẹn, èmi náà wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀. Mo ní ibà ni, mo ra oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́míìsì, mo ń wakọ̀ lọ. Ta ló máa bá mi sanwó ọlọ́kọ̀? Lọ́jọ́ kan, gbogbo èrò bẹ̀rẹ̀ sí pariwo ní Ìkẹjà: "Dírẹ́bà, epo ń jò!" Mo fa imú, n kò gbóòórùn nǹkan kan. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa, wọn kò fẹ́ sanwó. Obìnrin kan bọ́ọ́lẹ̀ tipátipá tòun tọmọ. Mẹkáníìkì ló gbórí bọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ sun èèyàn ni?" Epo bẹntiróòlù ti rin ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbingbin. Imú mi kò sọ fún mi. Ọjọ́ tí àbúrò yín sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ni mo rántí ẹ̀, àmọ́ mo dákẹ́, mo ń jà.

Mélòó ni mo gbé lọ́sẹ̀ kan àbọ̀ yẹn? Èrò mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. N kò mọ ẹni tí wọ́n lọ bá nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ Mazamaza yẹn, n kò gbé e sílẹ̀ o, ìyẹn dúró.

Nọ́ọ̀sì Mojí
Kó dúró, bọ̀dá.

Àṣàkẹ́ Ọmọ Ẹ̀jìgbò
Bọ̀dá mi, èmi náà jẹ nínú ẹran yẹn. Màmá náà jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí ẹ tan fóònù yín, àwọn ti ń pè láti àárọ̀. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ Kòrónà kúrò nínú ìwé. N kò ní kọ ohun tí ẹ kò fẹ́.

Adégòkè
Dá a padà. Mò ń pe màmá báyìí. Kọ ọ́ bí ó ti rí, kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Èyí tí n kò fẹ́ kí n rí níbẹ̀ mọ́ ni "ráńpẹ́". Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá fi ń wá èémí.